Nígbà Tí Àyà Kò Yé Já

    

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àìsàn kan tí ojú kì í rí. Kò ní egbò tí a lè wẹ̀. Kì í mú ara gbóná bí ibà. Ẹni tí ó ń ṣe lè jókòó láàrin wa, kí ó máa bá wa rẹ́rìn-ín, kí a má sì mọ̀. Àwọn àgbà ní: gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àìsàn náà ni àìsàn àníyàn àti ìpayà.

Ohun kan ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí: ìbẹ̀rù tí kò lọ mọ́ jẹ́ àìsàn, ó sì ní ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí á tú ọ̀rọ̀ náà wò díẹ̀díẹ̀.

ÌBẸ̀RÙ TÓ Ń ṢE WÁ LÓORE

Ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ kò burú. Ọlọ́run dá a mọ́ wa kí ó lè máa ṣọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé àgbẹ̀ kan ń ro oko iṣu. Ó na ọwọ́ sí ewéko kan lórí ebè, ó sì rí ejò. Kí ó tó ronú rárá, ó ti fò sẹ́yìn. Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Èémí rẹ̀ ń yára. Òógùn bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹnu rẹ̀ gbẹ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀? Ọpọlọ ló mọ̀ pé ewu wà, ó sì ké sí gbogbo ara. Olúkúlùkù wa ní kíndìnrín méjì. Lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ẹṣẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀. Àwọn ẹṣẹ́ yìí da oje kan sínú ẹ̀jẹ̀. Adirẹnalíìnì ni àwọn dókítà ń pè é. Oje yìí mú kí ọkàn yára lù, kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé ẹsẹ̀ àti apá. Ó mú kí èémí yára. Ó dín iṣẹ́ inú kù, ó sì fi agbára fún ẹsẹ̀ láti sá. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń rú nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá.

Nígbà tí ejò náà bá ti lọ, ara á rọlẹ̀. Kò ní pẹ́ tí àyà á fi padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àgbẹ̀ wa á tún mú ọkọ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rù ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó ti lọ.

ẸRÙ TÍ A Ń RÙ LÓJOOJÚMỌ́

Ohun kejì ni másùnmáwo. Másùnmáwo ni ohun tó ń dé bá ara àti ọkàn nígbà tí ẹrù ayé bá fẹ́ ju agbára wa lọ. Òjò kọ̀, kò rọ̀. Owó òwú kò tíì dé, ẹni tí a jẹ ní gbèsè sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Ọmọ fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́, kò sí owó ìwé. Ọkọ lọ wá iṣẹ́ sí Lomé tàbí sí Nàìjíríà, kò ránṣẹ́ sílé.

Nígbà mìíràn, ẹrù náà máa ń dé bá gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì. Kí ó tó di ìgbà náà, 50 fáráńkì CFA ni a fi ń gba fáráńkì Faransé kan. Láti ìgbà náà, ó di 100. Oògùn àti àwọn ọjà mìíràn tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí. Ta ni kò ní ronú nígbà bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó ru ẹrù tó wúwo yóò làágùn. Èyí kì í ṣe àìsàn. Nígbà tí a bá sọ ẹrù náà kalẹ̀, tàbí tí ẹlòmíràn bá bá wa gbé e, ara á tún yá. Ṣùgbọ́n bí a bá rù ú títí tí a kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọrùn á máa ro wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn ṣe rí. Másùnmáwo tó pẹ́ lè ṣí ọ̀nà fún àìsàn.

NÍGBÀ WO NI Ó DI ÀÌSÀN?

Ó di àìsàn nígbà tí ejò ti lọ ṣùgbọ́n tí àyà kò yé já. Ìbẹ̀rù náà pọ̀ ju ohun tó fà á lọ. Ó pẹ́ lára. Ó ń dí wa lọ́wọ́ iṣẹ́, ó ń gba oorun lójú wa, ó ń yà wá kúrò lára àwọn ènìyàn wa. Oríṣiríṣi ni àìsàn yìí. Mẹ́ta ni a ó sọ lónìí.

Àkọ́kọ́ ni àníyàn tí kò dá. Ẹ jẹ́ kí á fi ìyá kan tó ń ta gàrí ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọmọ rẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀ lọ́nà, ó ti rò pé ọkọ̀ ti gbá a. Bí ọmọ bá dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí ro ti owó. Bí owó bá wà, ó ń ro ti àìsàn. Lóru, ó ń yí síhìn-ín, ó ń yí sọ́hùn-ún lórí ẹní. Ọrùn àti ẹ̀yìn ń ro ó. Ó ń rẹ̀ ẹ́ láìṣe iṣẹ́. Ohun kékeré ń bí i nínú. Bí oníbàárà bá fún un lówó, kò lè ka ṣéńjì mọ́. Bí irú èyí bá ń ṣe ènìyàn ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ títí oṣù mélòó kan fi kọjá, àwọn dókítà mọ̀ pé àìsàn ni.

Èkejì ni ìpayà òjijì. Ènìyàn lè jókòó sínú ọjà tàbí sínú ọkọ̀, láìsí ewu kankan. Lójijì, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí lù. Èémí kò tó o. Òyì ń kọ́ ọ. Ó dà bíi pé ìka ọwọ́ rẹ̀ ń kú. Ó rò pé òun ń kú lọ, tàbí pé orí òun fẹ́ dàrú. Ìpayà yìí sábà máa ń dé góńgó láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀. Ìpayà fúnra rẹ̀ kì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe á máa bẹ̀rù pé yóò tún dé. Kò ní fẹ́ lọ sọ́jà mọ́. Kò ní fẹ́ wọ ọkọ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀, ayé rẹ̀ á máa há, títí yóò fi kù ú nìkan nínú yàrá.

Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù tó kù lẹ́yìn ewu. Àwọn àgbà ní: ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ní òpópónà tó ti Lomé gba Atakpamé lọ sí àríwá lè ní in. Ìyá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nígbà tí ó ń bímọ lè ní in. Ẹni tí wọ́n dá lọ́nà, ẹni tí wọ́n fipá bá lòpọ̀, ẹni tí iná jó ilé rẹ̀, gbogbo wọn lè ní in.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù kejì ọdún 2005, Ààrẹ Gnassingbé Eyadéma kú. Wọ́n dìbò ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin. Lẹ́yìn ìdìbò náà, ìjà àti ìpànìyàn ṣẹlẹ̀ ní Lomé, ní Aného, àti ní Atakpamé wa níbí. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán àwọn aṣèwádìí wá. Wọ́n ní àwọn tó kú ní Tógò tó 400 sí 500. Nǹkan bí 40,000 ènìyàn ló sá lọ sí Bẹ̀nẹ̀ àti sí Gánà. Ní Bẹ̀nẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn gbé nínú àgọ́ àwọn olùwá-ààbò ní Comè àti ní Agamé.

Ìjà parí. Àwọn ènìyàn padà wálé. Wọ́n tún ilé kọ́, wọ́n tún dá oko. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkàn ló padà sílé. Ẹni tó gbọ́ ìró ìbọn nígbà náà lè gbọ́ kí ilẹ̀kùn dún gbàmù lónìí, kí ó sì dọ̀bálẹ̀ kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó lè máa rí ọjọ́ náà lójú àlá. Ó lè yí ọ̀nà padà kí ó má baà gba ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ lè má mọ ìdí tí bàbá fi ń bínú nígbà tí wọ́n bá ń ju bàǹgà lọ́jọ́ ọdún.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó rí ewu ló ń ní àìsàn yìí. Ọ̀pọ̀ ló ń yá fúnra wọn nígbà tí ilé bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí ẹbí sì wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ju oṣù kan lọ tí kò dín kù, ó yẹ kí ẹni náà wá ìrànlọ́wọ́. Bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ ní ọdún púpọ̀, kò tíì bọ́.

KÌ Í ṢE ÀWA NÌKAN

Àwọn kan rò pé àìsàn àwọn olówó tàbí àwọn òyìnbó ni èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àwọn tó ní àìsàn àníyàn àti ìpayà ní gbogbo ayé ní ọdún 2019. Wọ́n jẹ́ mílíọ̀nù 301. Kò sí àìsàn ọkàn tàbí ti ọpọlọ mìíràn tó ń ṣe ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Síbẹ̀, bí a bá kó mẹ́rin nínú àwọn aláìsàn yìí jọ, bí ẹnì kan ṣoṣo ló ń rí ìtọ́jú gbà.

Kí ló fà á tí àwọn yòókù kò fi rí i gbà? Ní ibi púpọ̀, oníṣègùn kò sí nítòsí. Ṣùgbọ́n ìtìjú pẹ̀lú ń dá wọn dúró, àti àìmọ̀. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ohun tó ń ṣe wọ́n ní orúkọ.

Ara la fi ń sọ ọ́ ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kì í sábà sọ pé àníyàn ń ṣe òun. Ó máa ń sọ pé orí ń gbóná òun, pé nǹkan ń rìn lórí òun, pé àyà ń já òun, pé inú ń ta òun. Ní ọdún 1960, dókítà ará Kánádà kan tó ń jẹ́ Raymond Prince kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ náà ní orí ń jó àwọn. Wọ́n ń ka ìwé, kò wọlé. Ojú wọn ń ṣú. Ẹrù ìdánwò àti ìrètí gbogbo ẹbí wà lórí wọn. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ ṣe ìdánwò, ẹ fi èyí sọ́kàn. Bí ọmọ bá ní orí ń gbóná òun, ẹ má kàn pè é ní ọ̀lẹ.

KÌ Í ṢE ÈPÈ, KÌ Í ṢE WÈRÈ

Nígbà tí àyà bá ń já ènìyàn láìnídìí, àwọn ará ilé máa ń wá ẹni tó ṣe é. Wọ́n á ní ìyàwó kejì ni, tàbí àǹtí bàbá, tàbí aládùúgbò tí wọ́n jọ ń jà lórí ilẹ̀. Báyìí ni àìsàn ẹnì kan ṣe ń di ìjà ẹbí. Aláìsàn kò yá, ilé sì dàrú. Ẹ jọ̀wọ́, kí a tó nawọ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tọ́jú aláìsàn.

Àwọn mìíràn á ní ẹni náà ń ya wèrè. Àìsàn ìpayà kì í ṣe wèrè. Ẹni tó ní in mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ilé rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìbẹ̀rù náà ti pọ̀ jù. Ìyẹn gan-an ló ń mú kí ojú tì í.

Ní ti àwọn tí orí wọn dàrú ní tòótọ́, ìtàn kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Ní ìlú Abẹ́òkúta, ní Nàìjíríà, dókítà kan wà tó ń jẹ́ Thomas Adéoyè Lambo. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i ní 1923. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wá sílé. Ní 1954, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìtọ́jú tuntun ní Aró. Kàkà kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n sí ilé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn. Ó ní kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan mú ó kéré tán ará ilé kan wá, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa bá a fọ aṣọ. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń padà sáàrin ènìyàn. Ó tún pe àwọn onísègùn ìbílẹ̀ láti bá a ṣiṣẹ́, nítorí wọ́n mọ èdè àti ìṣe àwọn aláìsàn. Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà wá ṣe ìpàdé ní Abẹ́òkúta. Lẹ́yìn náà, Lambo di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú ní 2004.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú bá lè rí ìtọ́jú láàrin ènìyàn, láìsí ẹ̀wọ̀n àti láìsí pàṣán, mélòómélòó ni ẹni tí ìbẹ̀rù lásán ń ṣe? Ẹ má so aláìsàn mọ́lẹ̀. Ẹ má nà án. Ẹ má fi ebi pa á ní orúkọ àdúrà. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ onísègùn àgbà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, tí kì í lu ènìyàn, a kò ní kí ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n ẹ dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Ohun àkọ́kọ́: ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Kì í ṣe gbogbo àyà tó ń lù ni ti ìpayà. Ibà lè fà á. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fà á, pàápàá lára aboyún. Ọkàn tó ń ṣàìsàn lè fà á. Gẹ̀gẹ̀ kan wà tó ń mú kí ọkàn sáré, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí ènìyàn sì máa rù. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà wò yín. Bí àyà bá ń dùn yín bíi pé wọ́n gbé òkúta lé e, tí ìrora náà sì ń lọ sí apá tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ má dúró rárá, ẹ lọ lójú ẹsẹ̀.

Ohun kejì: ẹ sọ ọ́ jáde. Àwọn àgbà ní: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní ìlú Harare, ní orílẹ̀-èdè Sìmbábúè, dókítà kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda ronú lórí bí àwọn tálákà ṣe lè rí ìtọ́jú. Dókítà ọpọlọ kò tó nǹkan níbẹ̀. Ní 2006, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà 14. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń fetí sílẹ̀ àti bí a ṣe ń bá ènìyàn wá ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n gbé àga gígùn sí ìta ilé ìwòsàn, ìyá àgbà kan àti aláìsàn kan á jókòó síbẹ̀. Nínú èdè wọn, wọ́n ń pe àìsàn náà ní kufungisisa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìrònú àrònújù. Ẹ ò rí i pé àwa náà mọ̀ ọ́n! Ní 2016, ìwádìí lórí àwọn aláìsàn 573 fi hàn pé àwọn tó jókòó pẹ̀lú àwọn ìyá wọ̀nyí yá ju àwọn tí kò jókòó pẹ̀lú wọn lọ.

Ní Tógò wa níbí, àti ní Côte d'Ivoire àti Kamẹrúùnù, wọ́n ti kọ́ àwọn onídìrí ní irú iṣẹ́ yìí. Ìdí rẹ̀ yé wa. Obìnrin tó jókòó fún wákàtí mẹ́ta kí wọ́n fi dirí fún un yóò sọ̀rọ̀. Onídìrí tó gbọ́n yóò gbọ́, kò ní tú àṣírí, yóò sì mọ ìgbà tó yẹ kí ó ní: "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí á lọ sí ilé ìwòsàn."

Ní 2009, ìjọba dá ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà sílẹ̀ nítorí ìjà òṣèlú tó ti ṣẹlẹ̀ ní Tógò. Bíṣọ́ọ̀bù Atakpamé ìgbà náà, Nicodème Barrigah, ni alága rẹ̀. Ju 20,000 ènìyàn lọ ló wá sọ ohun tí ojú wọn rí. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan kò wo gbogbo ọgbẹ́ sàn. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí a kò ṣí, a kò lè wẹ̀ ẹ́.

Ohun kẹta: ẹ kọ́ bí a ṣe ń mí. Nígbà tí ìpayà bá dé, ẹ jókòó. Ẹ fa èémí wọlé nípasẹ̀ imú, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kí ó jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nípasẹ̀ ẹnu, kí ẹ ka ení títí dé ẹ̀fà. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wí fún ara yín pé: "Ìpayà ni. Yóò kọjá." Ẹ máa ṣe é láràárọ̀ nígbà tí ara yín balẹ̀, kí ó lè mọ́ yín lára.

Ohun kẹrin: ẹ má ṣe sá títí. Ohun tí a ń sá fún máa ń tóbi sí i. Bí ọjà bá ń ba ènìyàn lẹ́rù, kí ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà ní ọjọ́ kan, kí ó dúró títí àyà rẹ̀ yóò fi rọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, kí ó wọlé díẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, kí ó ra iyọ̀ kí ó sì padà. Díẹ̀díẹ̀, ọjà á tún di ọjà.

Ohun karùn-ún: ẹ ṣọ́ra fún ohun tí ẹ ń mu. Sódàbì máa ń mú kí ènìyàn sùn, ṣùgbọ́n oorun náà kì í dára, ìbẹ̀rù á sì le sí i lọ́jọ́ kejì. Kọfí tí a ń gbìn ní òkè wa dára, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ọkàn yára. Ẹni tí àyà ń já kí ó dín in kù. Àwọn kan ń ra tramadol lọ́jà kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ oko láìrẹ̀ wọ́n. Oògùn ìrora ni, ó máa ń di bárakú, ó sì lè pa ènìyàn. Ẹ má ra oògùn oorun lọ́wọ́ alágbàtà.

Ohun kẹfà: oògùn wà tí dókítà lè fún yín. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara tó rọ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín nígbà tí ara bá ti yá. Ẹ bi dókítà kọ́kọ́.

Níbo ni kí a lọ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kékeré tó sún mọ́ yín. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ti ibẹ̀ lọ, wọ́n lè rán yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Atakpamé. Fún àìsàn ọpọlọ tó le, ilé ìwòsàn pàtàkì wà ní Zébé, lẹ́bàá Aného.

BÍ Ó BÁ JẸ́ ARÁ ILÉ YÍN

Ẹ má sọ fún un pé: "Ṣe ọkàn akin." Bí ó bá lè ṣe é, ì bá ti ṣe é. Ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà lójú ọmọdé. Ẹ jókòó tì í. Ẹ béèrè pé: "Kí ló ń ṣe yín? Láti ìgbà wo?" Kí ẹ sì dákẹ́, kí ẹ gbọ́. Ẹ bá a gbé díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Bí gbèsè ni, ẹ jọ ka iye rẹ̀. Gbèsè tí a kọ sínú ìwé, tí a mọ iye rẹ̀, máa ń kéré sí èyí tí a ń rò lóru. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà kọ báyìí, ẹ lè fi èyí ran ẹbí yín lọ́wọ́.

Bí ẹnì kan bá sì ní ayé sú òun, tàbí pé òun fẹ́ kú, ẹ má rò pé àwàdà ni. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ kó oògùn kòkòrò tí a ń fín sí òwú kúrò nílé, kí ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bíbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ń ro ikú kò ní ti èrò náà sí i nínú. Ó lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni bi í léèrè nìyẹn.

Ẹ̀yin ará, ẹ má tijú. Bí ẹsẹ̀ bá dá, a kì í fi í pamọ́. A máa ń wá ẹni tí yóò tò ó. Ẹ jẹ́ kí á ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọkàn pẹ̀lú.  

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ìbẹ̀rù ń ṣe nínú ara nígbà tí a bá rí ejò?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin másùnmáwo àti àìsàn ìpayà?
3. Ta ni Thomas Adéoyè Lambo? Kí ló ṣe ní Aró?
4. Ẹ ka bí a ṣe ń mí nígbà ìpayà, kí gbogbo ẹgbẹ́ jọ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
5. Ní abúlé yín, ta ni àwọn ènìyàn ń sọ ọ̀rọ̀ ọkàn wọn fún? Ọ̀nà wo ni ẹ lè gbà ran ẹni náà lọ́wọ́?